Ẹ Bá Mi Yọ Ohùn Mi Kúrò Nínú Ìpolówó Oúnjẹ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Wo Jẹjẹrẹ Sàn

Ilé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Pólì,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Ṣàbójútó Ìpolówó Ìtọ́jú Ìlera Lórí Afẹ́fẹ́,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀,

Ẹ̀SÙN NÍPA OHÙN MI TÍ WỌ́N FI Ń POLÓWÓ ÌTỌ́JÚ JẸJẸRẸ LÁRÀÁRỌ̀, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ A DÚRÓ KÍ ỌJỌ́ KẸTÀLÉLÓGÚN OṢÙ YÌÍ TÓ PÉ

1. Orúkọ mi ni Olúfúnkẹ́ Olúyẹmí, opó, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé Ọ̀fà. Akọ̀wé ni mí ní Pólì kí n tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2021. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ lẹ́tà fún àwọn ọ̀gá, nítorí náà mo mọ bí lẹ́tà ẹ̀sùn ṣe ń rìn, mo sì mọ bí ó ṣe ń sùn nínú fáìlì. Èmi fúnra mi ti tẹ́ ẹní fún púpọ̀ nínú wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí èyí sùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi kọ lẹ́tà ìjọba tẹ́lẹ̀. Mo fi Yorùbá kọ èyí nítorí pé Yorùbá ni ọ̀rọ̀ tí mò ń tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, Yorùbá sì ni àwọn tó gbà á gbọ́ fi gbọ́ ọ.

2. Ẹ̀sùn mi kò ṣòroó yé. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 ni iléeṣẹ́ rédíò kan ní àgbègbè wa, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àfikún kìíní, ti ń gbé ìpolówó kan sáfẹ́fẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ní aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìpolówó náà jẹ́ ti Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan Ògúntóbi, tó ń fi oúnjẹ tí a kò sè àti omi ewébẹ̀ tọ́jú àwọn aláìsàn ní Ọ̀fà. Yóò kọ́kọ́ sọ pé jẹjẹrẹ ìfun ló ṣe ìyá kan tó fẹ̀yìn tì ní Pólì. Ìyá náà yóò wá dáhùn pé ara òun ti yá, ẹ̀jẹ̀ ti dá, abẹ kankan kò sì kan òun. Èmi ni ìyá náà. Ohun tí mo sọ nípa abẹ kì í ṣe òótọ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n yọ ọ́, wọn kò yọ ọ́. Ní báyìí, obìnrin kan ní Ìjàgbó fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tẹ̀lé ohùn náà.

3. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Ẹnikẹ́ni tí mo bá fọ̀rọ̀ náà lọ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ṣúgà àti ohun dídùn gbogbo. Mo jáwọ́. Mo mu àgbo kíkorò débi pé ọ̀fun mi gbàgbé adùn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń lé jẹ̀díjẹ̀dí kiri. Wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí mò ń ṣe gan-an nìyẹn, torí n kò mọ̀ pé ètè wà níbẹ̀. Mo rù, ìgbẹ́ mi di tín-ín-rín, ó sì ń rẹ̀ mí láti ìdí sítóòfù dé ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ọmọ mi obìnrin, Dámilọ́lá, tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, wá kí mi. Ó wò mí lójú, ó sì gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìlọrin láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun mi. Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá níbẹ̀.

4. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n gé ibi tí jẹjẹrẹ wà lára ìfun náà kúrò, wọ́n sì la ojú kan sí ikùn mi lápá òsì, níbi tí ìgbẹ́ ń gbà jáde sínú àpò kan tí mò ń lẹ̀ mọ́ ara. Dókítà sọ pé òun rò pé òun rí gbogbo rẹ̀ kó, ṣùgbọ́n kí n gba oògùn tí wọ́n ń gbé kọ́, tó ń kán sínú iṣan, ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí èyí tí ojú kò rí má baà rúwé. Ìwé ọsibítù wà nínú àfikún kejì. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kà á dáadáa.

5. N kò sọ fún ẹnì kankan ní Ọ̀fà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàárín wa. Bí wọ́n bá bi aláìsàn pé ṣé ara le, bí ẹ̀mí rẹ̀ tilẹ̀ ń bọ́ lọ, yóò dáhùn pé a dúpẹ́. Jẹjẹrẹ kì í ṣe àìsàn tí à ń dárúkọ fún aládùúgbò, àpò ìgbẹ́ kì í sì í ṣe ohun tí ìyá ìjọ ń fi han ènìyàn. Mo sọ fún àwọn ará ìjọ àti ará àdúgbò pé mò ń lọ sí Abẹ́òkúta lọ bá Dámilọ́lá wẹ ọmọ. Òótọ́ ni pé Dámilọ́lá bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé nígbà yẹn. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn obìnrin ìjọ ti kó ọṣẹ, pọ́ńdà àti aṣọ òtútù ọmọ tuntun jọ dè mí. Mo gbà á, mo sì gbàdúrà fún wọn. Àwọn ẹrù náà ṣì wà nínú àpótí mi títí di òní. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ ọ́, ìyókù lẹ́tà yìí kò ní yé yín. Nítorí pé mo fi iṣẹ́ abẹ náà pamọ́, ohun tí gbogbo ènìyàn rí ní ọdún náà ni obìnrin kan tó ṣàìsàn, tó lọ wẹ ọmọ, tó sì padà dé.

6. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gba oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan náà. Ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi kú. Omi tútù di ohun tí n kò lè fọwọ́ kàn. Èmi tí ìka mi bọ́ mi fún ọgbọ̀n ọdún, n kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara mi. Ẹ̀rù bà mí, n kò sì padà lọ gba ẹ̀kẹta. Àkókò yìí ni mo gbọ́ nípa Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan.

7. Mo fẹ́ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, nítorí kì í ṣe ènìyàn búburú, n kò sì kọ̀wé láti bà á lórúkọ jẹ́. Kò pe ara rẹ̀ ní dókítà fún mi rí. Àwọn ènìyàn ló ń pè é ní Dókítà Oúnjẹ, òun náà kò sì ní kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n fi iyọ̀ sílẹ̀, kí n fi ẹran sílẹ̀, òróró, ṣúgà, àti ohunkóhun tí iná bá ti kàn. Ife omi ewébẹ̀ tútù kan ni mo gbọ́dọ̀ mu ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́: kárọ́ọ̀tì, tẹ̀tẹ̀, ewúro, àti ápù nígbà tó bá wà. Ó máa ń jókòó tì mí fún wákàtí kan. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi, ó sì máa ń bi mí bí mo ṣe sùn. Ní ọsibítù, àwa aláìsàn pọ̀ débi pé dókítà kì í ráyè gbójú sókè nínú fáìlì. Ẹni tó bá ti ṣàìsàn rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ṣùgbọ́n kò béèrè ìwé ọsibítù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, èmi náà kò sì mú un wá. Mo kàn sọ fún un ní kọ̀rọ̀ pé jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Mo da ìró bo àpò mi, mo sì ń mu omi ewébẹ̀.

8. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ara mi yá lóòótọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, oúnjẹ ń wù mí, ìka mi sì tún ti ń mọ̀ bí nǹkan bá kàn án. Nígbà tó yá, mo bi dókítà mi léèrè, àlàyé rẹ̀ kò sì gùn. Ẹ̀jẹ̀ dá nítorí pé wọ́n ti gé ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kúrò. Ìka mi sọjí nítorí pé n kò gba oògùn mọ́. Ewébẹ̀ ṣe ara mi lóore bí ewébẹ̀ ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbé jẹjẹrẹ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023 yẹn, n kò tíì bi dókítà kankan. Ẹni tó jókòó tì mí nígbà tí ara yá ni mo gbé ọpẹ́ fún.

9. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2023, mo gbé iṣu àti ọsàn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, n kò sì fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Ó tó ènìyàn méjìlá tó jókòó ní yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Susannah, olórí akọrin ìjọ wa. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan béèrè bóyá òun lè fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, kí ọkàn àwọn aláìsàn yòókù lè balẹ̀. Mo ní kò burú. Ó bi mí bóyá ara ti yá. Mo ní ara ti yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó wá bi mí ní ohun tí n kò retí. Ó ní, “Mummy, ṣé wọ́n fi abẹ kàn yín?” Susannah gbójú sókè wò mí. Mo rántí pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọṣẹ ọmọ tuntun lé mi lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Abẹ kankan ò kàn mí o.” Àpò náà wà lábẹ́ ìró mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́.

10. N kò mọ̀ pé ohùn náà yóò dé rédíò, n kò sì mọ̀ pé Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan yóò fi orúkọ àìsàn tí mo sọ fún un ní kọ̀rọ̀ ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú oṣù Kìíní, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀, n kò ní tún purọ́ fún yín. Àwọn ènìyàn ń kí mi lọ́jà Òwódé pé àwọn gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún náà, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Mo padà sí Ìlọrin. Jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà kò bá mi jà. Ó béèrè iye ìgbà tí mo gba oògùn, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

11. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 2024, mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan, mo sọ fún un pé àìsàn náà ti padà, kí ó jọ̀wọ́ yọ ohùn mi. Ó ní mo ti jẹ ohun tí kò yẹ kí n jẹ. Òótọ́ ni pé mo jẹ mọ́ínmọ́ín nígbà Kérésì, n kò lè jiyàn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo kọ lẹ́tà sí i, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àfikún kẹta. Kò fèsì. Nínú oṣù Kọkànlá, mo lọ sí iléeṣẹ́ rédíò náà. Òṣìṣẹ́ tí mo bá gbé àga fún mi, ó sì fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé ohùn tèmi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìpolówó wá ló ni ín, àyàfi kí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dá a dúró. Mo tún padà lọ ní oṣù Kejì ọdún yìí. Ẹlòmíràn ló wà lórí ìjókòó náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

12. Kí n sì ka ẹ̀bi tèmi náà. Ní gbogbo ibi tí mo lọ wọ̀nyí, ohun tí mò ń sọ ni pé àìsàn ti padà. N kò sọ fún ẹnì kan nínú wọn pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ abẹ. Mo fẹ́ kí ohùn náà dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀. Bóyá bí mo bá ti sọ ọ́ tán ní ọjọ́ kìíní, ọ̀rọ̀ ì bá má dé ọ̀dọ̀ yín.

13. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan gun ọ̀kadà láti Ìjàgbó wá sí ilé mi. Bàbá Ifádárà ni wọ́n ń pè é. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ni, tí wọ́n mọ egbòogi jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ dé Ìlemọnà. Ó ti fi ọjọ́ méjì béèrè mi kiri Pólì. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń ṣẹ̀jẹ̀: Àyànbùnmi, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ìyá ọmọ mẹ́ta, tó ń yan gàrí tà. Bàbá ti fún un ní egbòogi tirẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, ó ní èyí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n bá jẹjẹrẹ ní ìfun ńlá, wọ́n ní kò tíì rìn jìnnà, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nínú oṣù Kẹjọ. Kò lọ. Ó ní láràárọ̀ ni òun ń gbọ́ ìyá kan nídìí agbada gàrí òun, pé irú àìsàn òun ló ṣe é, abẹ kankan kò sì kàn án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: oníṣègùn ìbílẹ̀ ló mú obìnrin yìí lọ sí ọsibítù, rédíò ló mú un kúrò níbẹ̀.

14. Bàbá kò wá bá mi jà. Bí oníṣẹ́ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ ló ṣe jókòó. Ó ní bí oúnjẹ bá wà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí n fi han òun, kí òun náà lè máa fún àwọn tó ń wá bá òun. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé oúnjẹ yẹn nìkan ni?” Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń gbé iṣẹ́ abẹ náà pamọ́ kiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú pálọ̀ mi, ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí, mo sì sunkún. Ó dúró kí n sunkún tán, lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí a jọ lọ sí Ìjàgbó.

15. A bá Àyànbùnmi níbi tó ti ń yan gàrí. Mo ní kí a wọ yàrá. Mo tú ìró mi, mo fi àpò náà hàn án. Ọmọ mi àti àwọn nọ́ọ̀sì nìkan ló ti rí i rí. Ó wò ó dáadáa, kò gbójú kúrò. Òun ló bá mi ró ìró mi padà. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Mummy, èwo ni kí n wá gbà gbọ́? Ohùn yín ni mò ń gbọ́ lórí rédíò, ohùn yín náà ni mò ń gbọ́ yìí.”  

16. Ó ní òun kò bú mi o. Ó ní bí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá bá jẹ́ òótọ́, wọn ì bá ti yọ èyí tó wà lórí rédíò, nítorí ìjọba kò ní jẹ́ kí wọ́n máa fi irọ́ tan aláìsàn jẹ láràárọ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ẹ̀yin ni obìnrin náà gbẹ́kẹ̀ lé. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Bàbá bẹ̀ ẹ́, èmi náà sì ti padà lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun kan náà ló ń tẹnu mọ́: bí rédíò bá sọ ọ́, òun yóò lọ. Ó gbà kí n dárúkọ òun nínú lẹ́tà yìí. Ó ní kí n kọ ọ́, kí òun wo ohun tí ìjọba yóò wí.

17. Ọsibítù ti fún un ní ọjọ́ mìíràn: Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí. Dókítà sọ fún Bàbá Ifádárà pé bí èyí bá tún kọjá, jẹjẹrẹ náà lè ti kúrò níbi tí abẹ lè bá a. Mo mọ ibi tó ń gbà lọ, torí pé ibẹ̀ ni èmi wà báyìí. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù lónìí. Ẹ má jẹ́ kó di pé aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

18. Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò sọ pé èmi ni mo purọ́, kí n lọ fara mọ́ ọn. Òótọ́ ló sọ. Bí ìjìyà bá wà lábẹ́ òfin fún ohun tí mo sọ, ẹ jẹ́ kí ó dé bá mi, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi iléeṣẹ́ rédíò náà pé ìwé wo ni wọ́n gbà kí wọ́n tó kéde fún gbogbo ayé pé jẹjẹrẹ ti lọ lára ẹnì kan. Kò sí ẹni tó bi mí. Kò sí dókítà tó buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ní àgbègbè wa gbọ́dọ̀ mú ìwé àti ẹlẹ́rìí wá, síbẹ̀ a ṣì ń ṣe ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ìwòsàn kàn mú fóònù wá ni.

19. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

(a) Kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìpolówó náà dúró láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

(b) Kí ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n fún mi láyè ní àkókò kan náà, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán ní òwúrọ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ kẹtàlélógún tó pé, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ òtítọ́. Ìṣẹ́jú méjì tó mi. N ó dárúkọ ara mi, n ó dárúkọ àìsàn mi, n ó sì sọ pé wọ́n fi abẹ kàn mí. Ìdádúró nìkan kò tó. Bí ohùn náà bá kàn dákẹ́, Àyànbùnmi lè sọ pé owó ìpolówó ló tán.

(d) Kí ó di òfin láti ìsinsìnyí pé rédíò kankan kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rí ìwòsàn sáfẹ́fẹ́ láìrí ìwé ọsibítù ẹni tó ń jẹ́rìí. Bí ẹ bá ti ṣe (a) àti (b), mo yọ̀ǹda kí èyí sùn díẹ̀ nínú fáìlì.

N kò ní kí ẹ ti ilé Ọ̀gbẹ́ni Ọlálékan pa. Kí ó máa fún ènìyàn ní ewébẹ̀, kí ó sì máa jókòó tì wọ́n bó ṣe jókòó tì mí. Kí ó kàn má sọ fún wọn pé ewébẹ̀ lè rọ́pò ọsibítù.

20. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àná, mo dìde lẹ́yìn ìwàásù ní ìjọ wa, mo sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí. Susannah sunkún. Ó ní òun ì bá ti máa wá bá mi fọ aṣọ. N kò rò ó rí pé ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nìyẹn. Nítorí náà, kò sí àṣírí tí ẹ óò máa bò fún mi mọ́. Ẹ lè ka lẹ́tà yìí sí etí ẹnikẹ́ni tó bá yẹ.

21. Dókítà ti sọ fún Dámilọ́lá pé ó ṣeé ṣe kí n má rí oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ìta ni ó pè é sí kí n má baà gbọ́, mo sì gbọ́. Ní àárọ̀ yìí, kí n tó jókòó ti lẹ́tà yìí, wọ́n tún gbé ìpolówó náà sáfẹ́fẹ́. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí ẹ kò bá dá a dúró, wọn yóò sin mí tán, ohùn yẹn yóò ṣì máa jí láràárọ̀ lọ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ara mi ti yá. Ẹ jẹ́ kí n pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo ṣì lè sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín. Nọ́ńbà fóònù mi wà lẹ́yìn àpò ìwé yìí, n kò sì ní pa fóònù náà.

Èmi tí mò ń retí yín,

Olúfúnkẹ́ Olúyẹmí (Abilékọ),
Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì,
Aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí wọ́n fi abẹ kàn ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023.